Bí Làkúrègbé Bá Mú Ojú Orúnkún Nìkan: Ṣé Apá Kan Ni Ká Pààrọ̀, àbí Gbogbo Rẹ̀?

Orúnkún tí iwájú rẹ̀ nìkan ti jẹ kì í fara pamọ́. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹni tó ni ín lè rìn lọ rìn bọ̀ kó má sọ nǹkan kan. Àmọ́ kó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kó dìde lórí àga kúkúrú, tàbí kó lóṣòó mú nǹkan nílẹ̀, ìrora dé. Ìdí ni pé egungun pẹlẹbẹ tó wà lójú orúnkún kì í ru ẹrù púpọ̀ tí a bá ń rìn jẹ́jẹ́. Bí ìdajì ìwọ̀n ara ni. Tí a bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹrù náà á ju ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n ara lọ. Tí a bá lóṣòó dénú, ó lè tó ìlọ́po méje tàbí mẹ́jọ.

Apá mẹ́ta ni orúnkún ní. Níbi méjì, ti inú àti ti òde, egungun itan jókòó lé egungun ojúgun. Ìkẹta ni iwájú, níbi tí egungun ojú orúnkún ti ń lọ sókè sódò nínú poro kan tó wà ní ìsàlẹ̀ egungun itan. Ọ̀pọ̀ làkúrègbé máa ń mú ju apá kan lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ìwádìí kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní 1992 yẹ orúnkún àwọn tó ti lé ní ọdún 55 tí ìrora ń bá jà: iwájú nìkan ló bàjẹ́ lára bí obìnrin 24 nínú 100, àti bí ọkùnrin 11 nínú 100. Àwọn wọ̀nyí ni ìfiwéra yìí wà fún, nítorí pé ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún wọn ju ti ẹni tí gbogbo orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́ lọ. Ibi tí ọ̀nà bá sì ti pọ̀ ni ìṣìnà ti máa ń rọrùn.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé lóòótọ́ ni pé iwájú nìkan ni? X-ray tí wọ́n yà nígbà tí èèyàn dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú èyí tí wọ́n yà látòkè nígbà tí orúnkún tẹ̀, ló ń dáhùn rẹ̀. Wọ́n lè fi MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, kún un. Èyí tí wọ́n yà lórí ibùsùn nìkan kò tó, torí pé kèrekèré (egungun rírọ̀ tó bo orí egungun nínú oríkèé) apá yòókù lè ti tín-ín-rín kó má hàn títí ìwọ̀n ara yóò fi tẹ̀ ẹ́.

Èkejì: kí ló jẹ́ kó jẹ? Ó lè jẹ́ pé poro egungun itan kò jinlẹ̀ láti ìgbà èwe, tí ojú orúnkún kì í fi dúró sí àyè rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé egungun náà fọ́ nígbà kan rí. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí ìdí kan pàtó tí a lè tọ́ka sí. Ọ̀pọ̀ aláìsàn máa ń fo ìbéèrè yìí, bẹ́ẹ̀ èmi ò rí èyí tó lágbára tó o láti sọ bí orúnkún yóò ṣe rí lọ́dún mẹ́wàá sí i.

Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ orí àti irú iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ yóò ṣe. Ẹ̀kẹrin: báwo ni ìtọ́jú náà yóò ṣe pẹ́ tó, tó bá sì tán, kí ló kù láti ṣe? Ẹ̀karùn-ún ni iye tó máa náni, tí kì í ṣe owó ilé ìwòsàn nìkan: ọ̀sẹ̀ tí ẹ kò ní lè ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ wà níbẹ̀, oṣù tí ẹ ó fi máa lọ síbi físíò, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n ń fi eré ìdárayá ṣe, náà wà níbẹ̀.

Ìtọ́jú tí kò ní ọ̀bẹ nínú

Òun ló yẹ kó ṣáájú, kì í sì í ṣe láti fi tu èèyàn nínú. Iṣan iwájú itan àti ti ìdí ni wọ́n ń darí egungun ojú orúnkún. Bí wọ́n bá rọ, gbogbo ìṣísẹ̀ ni egungun náà yóò fi máa ya ọ̀nà. Eré ìdárayá tí oní-físíò bá là sílẹ̀ ń fẹ́ oṣù mẹ́ta ó kéré tán kí a tó lè sọ pé ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì gbìyànjú rẹ̀. Ìwọ̀n ara náà ṣe pàtàkì: ìwádìí kan ní 2005 fi hàn pé kílò kan tí èèyàn bá fi fúyẹ́ ń gbé bíi kílò mẹ́rin kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun ìdè tí wọ́n ṣe láti ti ojú orúnkún sí àyè rẹ̀ náà wúlò. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára ènìyàn 126 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2015, ìrora dín kù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀, ńkọ́? Ó máa ń mú ara tuni fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Tó bá di pé èèyàn ń gbà á léraléra, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún àwọn kan ní abẹ́rẹ́ yìí ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta fún ọdún méjì, wọ́n fún àwọn mìíràn ní omi iyọ̀ lásán. Nígbà tí èsì jáde ní 2017, ìrora àwọn méjèèjì kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n kèrekèré àwọn tó gba sítẹ́rọ́ìdì tín-ín-rín jù. Ẹni tó bá sì ti ń ronú iṣẹ́ abẹ oríkèé àtọwọ́dá kò gbọ́dọ̀ gbà á nígbà tó bá ku oṣù mẹ́ta tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, nítorí kòkòrò àrùn.

Owó ọ̀nà yìí kéré jù, kò sì dí ọ̀nà kankan lẹ́yìn rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kò lè dá kèrekèré tó ti tán padà.

Fífi kámẹ́rà fọ inú orúnkún

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ní 2002, ìwádìí kan lórí ènìyàn 180 fi ìfọ̀mọ́ yìí wéra pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ ẹ̀tàn, tí wọ́n kàn fi ọ̀bẹ ya awọ ara lásán. Àwọn tí wọ́n fọ orúnkún wọn kò sàn ju àwọn tí wọ́n tàn lọ. Bí nǹkan bá há sínú orúnkún, tí kò jẹ́ kó tẹ̀ tàbí kó nà, ìyẹn ní ìdí tirẹ̀. Fún làkúrègbé lásán, owó àti ewu ni.

Iṣẹ́ abẹ tó fi egungun tiyín sílẹ̀

Oríṣi méjì ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀.

Ti àkọ́kọ́ ni gígé etí òde egungun ojú orúnkún. Nígbà tí egungun náà bá ti fẹ̀gbẹ́ sí òde fún ọdún púpọ̀, etí yẹn á gún, á máa ha egungun itan. Oníṣẹ́ abẹ á gé e kúrò, á sì tú okùn tó fà á le. Iṣẹ́ kékeré ni, èèyàn á tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kíákíá, kò sì sí irin kankan tó wọlé. Kò wà fún títí ayé. Nínú ìròyìn kan tó jáde ní 2012 lórí orúnkún 155, bí méjì nínú mẹ́ta ni kò tíì nílò iṣẹ́ abẹ ńlá lẹ́yìn ọdún 10. Nígbà tó fi máa pé ọdún 20, wọn kò pé ìdajì mọ́. Lójú tèmi, àdéhùn tó dára nìyẹn fún àgbàlagbà tí kò fẹ́ irin, tí ibi tó ń dùn ún kò sì kúrò ní ẹ̀gbẹ́ òde.

Èkejì ni gígé egungun kékeré tí okùn ojú orúnkún dì mọ́ lójúgun, kí wọ́n sún un síwájú àti sínú díẹ̀, kí wọ́n sì fi síkúrù dè é. Oníṣẹ́ abẹ egungun kan tó ń jẹ́ Fulkerson ló gbé e jáde ní 1983. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gbé ẹrù kúrò ní ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ òde ojú orúnkún, ó ń gbé e lọ síbi tí kèrekèré ṣì wà. Nítorí náà, ibi tó ti jẹ ló ń sọ èsì. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ tàbí òde ló ti jẹ, ọ̀pọ̀ máa ń yọ̀. Bó bá jẹ́ òkè, inú, tàbí gbogbo ojú rẹ̀ ló ti tán, ẹ má ṣe é. Ẹrù yóò kàn lọ bá ibi tó bàjẹ́ jù. Ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, egungun sì gbọ́dọ̀ jiná, èyí tí sìgá máa ń ṣe lọ́ṣẹ́. Èèyàn tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tí ojú orúnkún rẹ̀ máa ń yẹ̀, ni ọ̀nà yìí ń wá.

Gígé gbogbo egungun ojú orúnkún kúrò ni wọ́n ń ṣe láyé àtijọ́. Ó ń gba agbára lọ́wọ́ iṣan itan, kò sì yẹ kó wà lára àṣàyàn ẹnikẹ́ni lónìí àfi bí ọ̀nà mìíràn kò bá sí.

Pípààrọ̀ iwájú nìkan

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú iṣẹ́ abẹ yìí, irin dídán á bo poro egungun itan, ike líle á bo ẹ̀yìn egungun ojú orúnkún. Kèrekèré méjèèjì tó wà láàárín egungun itan àti ti ojúgun, okùn inú orúnkún, apá inú àti apá òde, gbogbo wọn á wà bí Ọlọ́run ṣe dá wọn. Ìdí nìyẹn tí orúnkún náà fi máa ń rí bíi ti ara ẹni ju èyí tí wọ́n pààrọ̀ pátápátá lọ.

Ìtàn rẹ̀ kò fi gbogbo ara dán. Ní 1955, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ McKeever ròyìn irin tó fi bo ẹ̀yìn ojú orúnkún nìkan. Irin náà ń họ poro tó dojú kọ ọ́. Ní 1979 ni wọ́n gbé irú tó bo ojú méjèèjì jáde. Àwọn irin ìgbà yẹn kéré, wọ́n sì máa ń rì wọ́n sínú poro gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe bá a; bí poro náà bá ti wọ́ láti ilẹ̀, irin náà á wọ́ tẹ̀lé e, ojú orúnkún á máa há. Irú èyí tó jáde lẹ́yìn ọdún 1990 yàtọ̀: oníṣẹ́ abẹ á kọ́kọ́ gé iwájú egungun itan tẹ́jú, á fi irin tó fẹ̀ lé e, tó fi jẹ́ pé poro tuntun ló ṣe, kì í ṣe ògbólógbòó tí wọ́n bò mọ́lẹ̀. Avon, tó ti ìlú Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ní 1996, ni wọ́n mọ̀ jù nínú wọn. Ìròyìn 2007 lórí orúnkún 109 sọ pé bí 96 nínú 100 ṣì wà láyè wọn lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ẹ má gbàgbé pé àwọn tó ṣe irin náà ló kọ ìròyìn náà.

Ẹ wá fi èyí wé ìwé àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè, tó ń ka orúnkún àtọwọ́dá kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi sára èèyàn, ti ọ̀jáfáfá àti ti akọ́ṣẹ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ọ̀kan nínú márùn-ún àwọn tó pààrọ̀ iwájú nìkan ló ti padà fún àtúnṣe nígbà tó pé ọdún 10; ti gbogbo orúnkún jẹ́ bí mẹ́ta sí mẹ́rin nínú 100. Ní Ọsirélíà, ti iwájú nìkan tilẹ̀ ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ ohun tó wà nínú iye náà. Lónìí, ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ padà kì í ṣe pé irin tú. Làkúrègbé ló tàn dé apá inú tàbí apá òde tí wọ́n fi sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè kejì wa lókè fi ṣe pàtàkì: ẹni tí poro rẹ̀ kò jinlẹ̀ láti ìgbà èwe ní ìdí tó fi bàjẹ́ níbẹ̀, ìdí yẹn kò sì kan apá yòókù. Lára irú wọn, àìsàn náà kì í sábà tàn. Ẹni tí kò sí ìdí kankan fún un, tí orúnkún rẹ̀ kàn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ láti iwájú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ làkúrègbé gbogbo orúnkún ló ń rí. Nǹkan mìíràn tún wà: orúnkún àtọwọ́dá tó bo iwájú nìkan rọrùn láti sọ di odindi, nítorí náà oníṣẹ́ abẹ kì í lọ́ra láti tún un ṣe bí aláìsàn bá ní ó ń dùn òun. Odindi tó ń dùn kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fara dà á tí ìwé àkọsílẹ̀ kankan kò kà wọ́n.

Tó bá di pé wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di odindi, irú oríkèé tí wọ́n ń lò fún ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń lò. Èyí dára. Síbẹ̀, àkọsílẹ̀ Ọsirélíà fi hàn pé irú odindi bẹ́ẹ̀ máa ń padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ ju odindi àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ kò pàdánù nǹkan kan tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣe apá kan, kò sọ tán.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọn á mú yín dìde lọ́jọ́ kan náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà. Wíwa ọkọ̀ máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, tí iṣan itan bá ti lágbára tó láti tẹ bíréèkì lójijì. Agbára yóò máa padà bọ̀ títí di ọdún kan. Kíkúnlẹ̀ lè má rọrùn mọ́, ẹ jẹ́ kí ìyẹn yé yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

Àwọn tí kò wà fún: ẹni tí làkúrègbé rẹ̀ jẹ́ ti inú ẹ̀jẹ̀, tí ara ń bá oríkèé ara rẹ̀ jà, ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò lè nà tán, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́ tí wọn kò tíì tún un ṣe. Bí èèyàn bá sanra gan-an, ewu àtúnṣe pọ̀ sí i.

Pípààrọ̀ gbogbo orúnkún

Ohun tó ń fọkàn ẹni balẹ̀ nípa rẹ̀ ni pé kò sí apá tó kù tí làkúrègbé lè tàn dé. Ó ń gba ìrora kúrò dáadáa fún làkúrègbé iwájú náà, pàápàá fún àwọn tó ti lé ní ọdún 65. Ó sì rọrùn láti rí ọ̀jáfáfá tó ń ṣe é lójoojúmọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ọ̀kan nínú 100 iṣẹ́ abẹ orúnkún àtọwọ́dá ni pípààrọ̀ iwájú nìkan, nítorí náà oníṣẹ́ abẹ tó ṣe é lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún pọ̀ ju ẹni tó mọ̀ ọ́n dunjú lọ.

Àléébù rẹ̀: wọ́n máa gé egungun tó ṣì le àti okùn tó ṣì dára. Bí ọ̀kan nínú márùn-ún ló ń sọ pé àbájáde rẹ̀ kò tẹ́ òun lọ́rùn. Tí ọjọ́ orí bá kéré, ìṣòro rẹ̀ yàtọ̀. Ìwádìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2017 fi hàn pé ọkùnrin tó pààrọ̀ gbogbo orúnkún láàárín ọdún 50 sí 54 ní ewu bí 35 nínú 100 pé yóò tún un ṣe kó tó kú. Ẹni tó ti lé ní 70 ní bí márùn-ún nínú 100. Àtúnṣe odindi sì le ju ti apá kan lọ: egungun tó kù kéré, irin rẹ̀ gùn.

Nígbà tí wọ́n gbé méjèèjì kojú ara wọn

Ìwádìí tó dára jù níbí ni èyí tí kèké yan ìtọ́jú, kì í ṣe dókítà. Ní Dẹ́nmáàkì, wọ́n pín ènìyàn 100 sí méjì. Èsì ọdún méjì tó jáde ní 2018 fi hàn pé àwọn tó pààrọ̀ iwájú nìkan tètè sàn, orúnkún wọn tẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, iṣẹ́ tí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ wọn ṣe láàárín àkókò náà dára jù. Èkejì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn 64, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn fún ọdún márùn-ún. Ìròyìn 2020 sọ pé kò sí ìyàtọ̀ tó ṣeé fi ọwọ́ sọ̀yà.

Bí mo ṣe kà á nìyí: ohun tí apá kan ń fún yín ni ọdún àkọ́kọ́ tó rọrùn àti orúnkún tó tẹ̀ dáadáa, ohun tí odindi ń fún yín ni pé ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má tún padà sórí tábìlì. Owó yàrá iṣẹ́ abẹ, oògùn àti físíò wà nínú méjèèjì, nítorí náà níbi iṣẹ́ abẹ kejì ni ìyàtọ̀ owó ti máa ń jáde.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Tí ẹ kò bá tíì fi oṣù mẹ́ta gidi ṣe eré ìdárayá, ibẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, bó ti wù kí X-ray burú tó. Mo ti rí X-ray tó bani lẹ́rù tí ẹni tó ni ín ń rìn fàlàlà.

Tí ẹ kò bá tíì pé àádọ́ta ọdún, tí kèrekèré sì ṣì wà lókè àti nínú ojú orúnkún, sísún egungun ojúgun ni kí ẹ kọ́kọ́ bá dókítà sọ. Tó bá jẹ́ etí òde nìkan ló gún, tí ẹ sì fẹ́ iṣẹ́ kékeré, gígé etí náà tó.

Pípààrọ̀ iwájú nìkan yẹ ẹni tó wà láàárín bí ọdún 40 sí 65, tí gbogbo ojú orúnkún rẹ̀ ti tán, tí poro rẹ̀ kò jinlẹ̀ láti ilẹ̀, tí apá yòókù hàn dáadáa lórí X-ray ìdúró àti MRI, tó sì rí oníṣẹ́ abẹ tó ń ṣe é déédéé. Kí ẹ béèrè iye tó ń ṣe lọ́dún; ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í bínú sí ìbéèrè yẹn. Tí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí kò bá sí, pàápàá ti poro tàbí ti apá yòókù, èmi kì í dámọ̀ràn rẹ̀ tìdùnnú-tìdùnnú.

Gbogbo orúnkún yẹ ẹni tó ti lé ní 65 tàbí 70, ẹni tí apá mìíràn ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ẹni tí làkúrègbé rẹ̀ jẹ́ ti inú ẹ̀jẹ̀, àti ẹni tó sọ gbangba pé òun kò fẹ́ iṣẹ́ abẹ kejì láéláé. Ẹni tó wà ní ọdún 60 tí kò sí ìdí kan pàtó fún jíjẹ orúnkún rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń le jù. Tó bá ti fi eré ìdárayá àti ohun ìdè gbìyànjú títí tí kò ṣiṣẹ́, odindi ni mo máa ń tẹ̀ sí, àfi bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ń fẹ́ orúnkún tó tẹ̀ gan-an, tó sì mọ̀ dájú pé òun lè padà wá fún àtúnṣe.